Oyè pọ̀ nínú ìwé ìsìnkú, òwò kò sí níbẹ̀

Ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú oníṣòwò ńlá èyíkéyìí tó wà nílé yín, kí ẹ ṣí i sí ibi tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé sí. Ẹ ó rí ọjọ́ ìbí, iléèwé, ìgbéyàwó, oyè ìlú, oyè ìjọ, orúkọ àwọn ọmọ àti ti àwọn ọmọ-ọmọ. Ẹ ó rí "aláàánú", ẹ ó rí "òpó ìlú". Ohun tí ẹ kò ní rí ni nǹkan tí olóògbé ń tà. Ẹ kò ní mọ ibi tó ti rí owó tó kọ́kọ́ fi rajà, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, iye ẹni tí òun náà kọ́, ọdún tí òwò dẹnu kọlẹ̀ àti ọgbọ́n tó fi gbé e dìde. Ogójì ọdún tí ẹni náà fi ń jí ní ìdájí lọ sọ́jà, gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ọ́: "Ó ṣòwò, Ọlọ́run sì bù kún un."

Ìyìn ò burú. Ṣùgbọ́n ìyìn tí a lè yọ orúkọ ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀, kí a fi ti ẹlòmíràn rọ́pò láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ bọlá fún oníṣòwò tó tún jẹ́ aṣáájú ìlú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó kọ sílẹ̀, kó kọ ọ́ débi tí ọmọ tí kò bá a láyé yóò fi mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1902, tó sì kú ní 1995. Oyè rẹ̀ pọ̀, Ògbẹ́ni Ọjà Ìjẹ̀bú wà lára wọn. Ohun tó ń jẹ́ kí ayé rẹ̀ yé èèyàn, bí iṣẹ́ kan ṣe bí òmíràn ni. Iṣẹ́ akọ̀wé ló kọ́kọ́ ṣe kó tó bọ́ sídìí òwò irè oko. Ní 1945 ó dá iléèwé girama Olú-Ìwà College sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ń jẹ́ Adéọlá Odùtọ́lá College lónìí. Nígbà tó yá, ó dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe táyà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ sì kóra jọ ní 1971 láti dá ẹgbẹ́ wọn, MAN, sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá kàn to nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lásán kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ìbéèrè ló yẹ kó máa jáde lára wọn. Kí ni akọ̀wé mọ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ayé ìgbà náà kò mọ̀? Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó wọlé sọ́tọ̀, tí wọ́n ń kọ èyí tó jáde sọ́tọ̀, ó sì lè kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ òyìnbó láìwá ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Kí ló gbé oníṣòwò irè oko dé ìdí táyà? Kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ àti alágbàtà ń gùn nígbà náà, rọ́bà sì ń bẹ nínú igbó ilẹ̀ wa. Ó jọ pé ó wo ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń ná owó wọn lé lórí tẹ́lẹ̀, ó ní kí òun máa ṣe é nílé. Bí a bá ṣe tò ó báyìí, ọmọ ogún ọdún tó ń wá ohun tó máa ṣe jẹun á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àmọ́ Odùtọ́lá lókìkí, ìwé ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ìlú rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n ni iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Bàbá tó ń wọlé lálẹ́ ni àwọn ọmọ mọ̀. Ẹni tó wà ní ìsọ̀ lọ́sàn-án, àwọn mìíràn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ọmọ ọjà tó bá a gbé kó tó gba òmìnira. Ẹ wá dírẹ́bà, akọ̀wé owó, alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà tó ń rajà àwìn. Ẹ má gbàgbé ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, nítorí òun ló máa sọ ohun tí olóògbé mọ̀ ọ́n ṣe ju òun lọ, á tún fi ìbínú sọ ọ́. Ẹni tó dàgbà jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ yín.

Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ti tó. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí wọ́n ká kó má baà gba ariwo tábìlì, kó má sì jìnnà sí ẹnu ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà àti orúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ohùn mẹ́wàá máa wà lọ́wọ́ yín tí ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Wákàtí kan ti tó fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti da ohùn náà kọ sí ibòmíràn, nítorí fóònù a máa sọnù.

Ìbéèrè wà tó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá béèrè pé irú èèyàn wo ni bàbá, àdúrà ni ẹ ó gbọ́. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n ń fi owó sí kó tó dé báǹkì, ẹni tó ń san án bí ọjà bá bàjẹ́ lọ́nà. Lórí ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ ó mọ ẹni tó fọkàn tán àti ìdí tó fi fọkàn tán an, láì tíì béèrè ìwà rẹ̀ rárá.

Ọdún ló máa ń dàrú jù. Àwọn àgbà lè má rántí ọdún, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà "ṣáájú ni àbí lẹ́yìn" ni kí ẹ máa béèrè. Ṣé ṣáájú Wẹ́ẹ́tìẹ̀ ti 1965 sí 1966 ni? Ṣé ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà ni, 1968 sí 1969? Ṣé mọ́tò ti ń gba ọ̀tún, ìyẹn lẹ́yìn 2 oṣù kẹrin 1972? Owó Udoji ńkọ́, àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, 1975? Ará Ìbàdàn á rántí Omíyalé oṣù kẹjọ 1980, gbogbo oníṣòwò ló sì rántí 1984 tí ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ náírà tí owó wà nílé tí kò ṣe é ná. Bí ẹnì kan bá ní ní 1970 ni bàbá fi ₦600 gba ìsọ̀, nǹkan kan kò tọ̀nà níbẹ̀, nítorí 1 oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Yálà ọdún ni kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí pọ́n-ún ni wọ́n san.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ owó, £1 di ₦2. Ẹni tó fi £250 bẹ̀rẹ̀ òwò, ₦500 ni owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ₦500 lásán sínú ìwé lónìí, ẹ̀rín ló máa pa ọmọdé, bí ẹ bá sì fi ìṣirò ara yín sọ ọ́ di mílíọ̀nù, irọ́ ni. Ẹ kọ iye tó jẹ́ gan-an nígbà náà, kí ẹ kọ ohun tó rà tẹ̀ lé e: ìdì aṣọ mélòó, àpò kòkó mélòó. Ìṣirò ọjà tún dára fún dídán ìyìn wò. Àpò kòkó 16 ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Bí wọ́n bá ní olóògbé ń kó 30 tọ́ọ̀nù lọ́sẹ̀, àpò 480 nìyẹn. Ẹ béèrè iye ọkọ̀ tó ní àti ibi tó ń kó ẹrù pamọ́ sí. Bí kò bá sí ilé tó lè gba ìdajì rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìyìn ti wọ ìṣirò.

Ìwé tó níye lórí jù nínú ilé oníṣòwò tó kú ni ìwé gbèsè, òun náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sun nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ yàrá mọ́ de àlejò. Ìwé ńlá ni, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ìlà pupa pín ojú ewé rẹ̀. Apá òsì ni orúkọ wà, kì í sì í ṣe orúkọ àbísọ: "Ìyá alákàrà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí" ni ẹ ó rí, tàbí "Dírẹ́bà onílà mẹ́ta". Àárín ni iye ọjà tó gbà. Apá ọ̀tún ni ohun tó ń san díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó san án. Bí ohun tó san bá pé iye ọjà, wọ́n á fa ìlà, gbèsè tán. Ẹ wá àwọn tí kò pé tí wọ́n sì fa ìlà sí: ẹnì kan jẹ ₦40, ó san ₦11, lẹ́yìn náà bírò gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá láìsí àlàyé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi jì í. Ó lè jẹ́ pé ó kú, tàbí pé ó sá lọ. Ẹ béèrè lọ́jà nípa méjì mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ tó ka gbogbo irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́ oore. Bí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì dá yín lójú, iye èèyàn tó fi gbèsè jì láàárín ọdún kan péré wúwo ju "aláàánú" mẹ́wàá lọ. Ẹ má tẹ orúkọ àwọn onígbèsè jáde o. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ládùúgbò.

Oyè kò gbọdọ̀ gba àkókò púpọ̀: ẹ wá lẹ́tà ààfin tàbí ti ìjọ, ẹ kọ ọdún tó wà lórí rẹ̀, ó tán. Oríkì ló yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ sí. Apohùn tí wọ́n san owó fún lè da oríkì ìdílé mẹ́ta pọ̀ kí ijó lè gbóná, atẹ̀wé á sì gbé e bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ ìyàwó ilé tó ti pẹ́ jù nínú agbo ilé ni kí ẹ ti gbà á, kí àgbà ọkùnrin kan nínú ìdílé náà tún gbọ́ ọ. Ìlà tí wọ́n bá jiyàn lé, ẹ yọ ọ́. Ní ti orúkọ àwọn ọmọ, bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀ léra ni kí ẹ tò wọ́n, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí bébà náà kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó yẹ̀ lè tú ẹbí ká lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an, mo sì gbà pé ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ ló jàre.

Apá tí kò dùn-ún gbọ́ ńkọ́? Ẹfúnróyè Tinúbú ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Gbàgede tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ó ta tábà, ó ta iyọ̀, ó ta epo àti ohun ìjà, ó sì ta ẹrú. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, tó sì kú sí ní 1887. Ẹni tó bá yọ ẹrú kúrò nínú ìtàn yẹn kò ní lè ṣàlàyé ibi tí ọlà náà ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè sọ ìdí tí àwọn òyìnbó fi bá a jà dáadáa. Bó ṣe rí fún àwọn kékeré náà nìyẹn. Bí iléeṣẹ́ olóògbé bá wó, bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá dáṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, ẹ fi gbólóhùn méjì sọ ọ́: ọdún tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe parí. Ẹ má gbèjà rẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Àwọn tó mọ̀ wà níjokòó, bí wọ́n bá sì rí i pé ẹ fi í pamọ́, wọn kò ní gba ìyókù gbọ́.

Iṣẹ́ atẹ̀wé kò le rárá. Iye ojú ewé gbọ́dọ̀ ṣe é fi 4 pín, bíi 24 tàbí 32, bí wọ́n bá máa fi pín-ìnnì gún àárín rẹ̀; láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ewé òfìfo á wà lẹ́yìn. Ẹ lo lẹ́tà tí àgbà máa lè kà, ìwọ̀n 12 ó kéré tán, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fọ́tò láti òsì sí ọ̀tún. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ìwé gidi, òfin ní kí olùtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library. Àwọn ẹbí kì í sábà ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí ìwé tó gba ọwọ́ 500 èèyàn lọ́jọ́ ìsìnkú kì í fi í sí níbi kankan lẹ́yìn ogún ọdún.

Ó wá ku owó. Ní ibi oúnjẹ ìsìnkú ni wọ́n ti máa ń kéde pé ẹbí yóò máa rán ọmọ mẹ́wàá lọ síléèwé lórúkọ bàbá. Mo ti máa ń bẹ̀rù irú ìkéde bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kò tíì pín ogún nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Suberu Dawodu kú l'Ékòó ní 1940 láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin. Ẹjọ́ bóyá ìdí-igi (ìpín kan fún ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan) ni wọ́n máa fi pín ohun ìní rẹ̀ tàbí orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan) dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, 1962 ni ìdájọ́ sì jáde. Ọdún 22. Ọmọ wo ló máa dúró de owó iléèwé títí dìgbà yẹn? Ilé tàbí ilẹ̀ tí ẹbí bá fẹ́ fi ṣe ìrántí, kí wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé àti ìfọwọ́sí gbogbo ìdí ìyá kí pípín tó bẹ̀rẹ̀. Bí olóògbé bá kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún fúnra rẹ̀, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àjọ ìrántí tó máa bójú tó owó náà, ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti 2020, ní abala Incorporated Trustees. Ẹ ó kọ́kọ́ wádìí bóyá orúkọ náà ṣì wà nílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní trustee (alábòójútó) méjì ó kéré tán, kí ẹ kọ ìlànà àjọ sílẹ̀, kí ẹ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó. Lẹ́yìn náà, àkọsílẹ̀ ọdọọdún ń bẹ tí CAC ń retí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àjọ ìrántí máa ń kú sí: akọ́bí tó ń ṣe é kó lọ sókè òkun, kò sí ẹlòmíràn tó mọ ibi tí fáìlì wà. Trustee méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà kò tó. Ẹ mú ẹnì kan láti ọjà tàbí ìjọ, tí kì í ṣe ẹbí.

Owó náà wá ńkọ́? Ọmọ mẹ́wàá, ₦100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní táàmù, táàmù mẹ́ta lọ́dún: ₦3,000,000. Bí ẹ bá ní ₦20,000,000 tó ń mú èlé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wá, iye yẹn gẹ́lẹ́ ló máa mú wá, gbogbo èèyàn á sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí owó iléèwé bá fi ìdá 20 gòkè, lọ́dún kejì, ₦3,600,000 ni ẹ nílò, lọ́dún kẹta ₦4,320,000, ₦20,000,000 náà sì wà lójú kan. Ní 2024, ìdá tí ọjà fi wọ́n sí i lórílẹ̀-èdè wa ju 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí sìkọ́láṣíìpù tó rán ọmọ mẹ́wàá lọ síléèwé fi máa ń di ẹ̀bùn tí kò tó ra bàtà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, kí ẹ dá ohun tó kù padà sórí owó ìpìlẹ̀, tàbí kí ẹ so ó mọ́ owó ilé ìsọ̀, nítorí owó ìsọ̀ a máa gòkè pẹ̀lú ọjà. Kí ẹ sì kọ iye ọmọ sínú ìlànà, kí ẹ má kọ iye náírà.

Ní ti ìsọlórúkọ, MKO Abíọ́lá fi ẹ̀kọ́ méjì sílẹ̀ fún wa. Ní 29 oṣù karùn-ún 2012, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Yunifásítì Èkó ti di ti Moshood Abíọ́lá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yabo títì, ó pọ̀ nínú wọn tí kò ní nǹkan kan lòdì sí Abíọ́lá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn, orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn sì ni. Orúkọ náà kò dúró. Ní 2018 wọ́n kéde 12 oṣù kẹfà, ọjọ́ ìbò 1993 tó díje nínú rẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí Ọjọ́ Ìjọba Tiwa-n-tiwa, èyí sì dúró, nítorí tirẹ̀ ni ọjọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀túnba Ṣùbòmí Balógun, tó dá báǹkì FCMB sílẹ̀, tó kú ní oṣù karùn-ún 2023, gba ọ̀nà mìíràn: láyé rẹ̀ ló ti kọ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fi í lé àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣe é, orúkọ olóore wà lára ògiri, ẹbí kò sì ní láti wá dókítà.

Àwọn kan kò fi orúkọ ara wọn sí ohunkóhun. Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ n'Ìbàdàn, dá iléèwé girama àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní 1964, Isabatudeen ló sì ń jẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ṣe é. Fún irú wọn, èmi ò ní ní kí wọ́n gbé ère kalẹ̀ tàbí kí wọ́n yí orúkọ iléèwé padà. Ojú ewé kan ti tó nínú ìwé tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun tó bá wọlé: ẹni tó dá iléèwé náà sílẹ̀, ohun tó ń tà, ọjà tó ti ń tà á, àti ìdí tó fi ná èrè rẹ̀ síbẹ̀. Kí wọ́n fi í mọ́ fọ́ọ̀mù ìwọlé, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń tún fọ́ọ̀mù ìwọlé tẹ̀.